Bí Ó Ṣe Ń Rẹ Ọ̀dà

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nítòsí Nathan Way ní Lọ́ndọ̀nù máa ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. A máa ń gé ọ̀dà títì gbọọrọ bíi búrẹ́dì, a ó kì í bọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà á sì máa tẹ̀ ẹ́ láìsinmi, bíi pé bọ́ọ̀sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ohun tí mò ń wọ̀n ni agbára tó kù nínú rẹ̀. Tó bá ti ku ìdajì, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti bàjẹ́, bí ojú ò tilẹ̀ tíì rí ìlà kankan lára rẹ̀.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá mi ní Thamesmead pé iṣẹ́ mi ni láti mọ ìgbà tó bá ti rẹ ọ̀dà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ṣé ọ̀dà máa ń sọ pé ó rẹ òun ni? Mo ní kì í sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́. Mo gbọ́n lójú ara mi lọ́jọ́ náà.

Arúgbó ni màmá mi ń tọ́jú káàkiri Woolwich. Nígbà ààwẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lórí fóònù pé, “Ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni.” Mo ní ààwẹ̀ ni. A jẹ sààrì ìkẹyìn, ààwẹ̀ parí, a ṣọdún, wọn ò yéé sọ ọ́. Mo ní iṣẹ́ ni, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè.

Mo sì mọ ohun tí “ó rẹ̀ mí” lè túmọ̀ sí. Nígbà tí bàbá àgbà dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ìjẹ̀bú, “ó rẹ Bàbá” ni gbogbo ilé ń wí títí Bàbá fi kú. Àgbà kì í la ẹnu sọ pé àìsàn ń ṣe òun. Àmọ́ etí Lọ́ndọ̀nù ni mo fi gbọ́ ọ, mo gbọ́ ọ bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Ìwà àìnáání gbáà ni, mi ò ní orúkọ míì fún un.

Màmá mi ṣubú ní ibùdókọ̀ lẹ́bàá ọjà, láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan. Ní ọsibítù, dókítà ní ọkàn wọn ò tú ẹ̀jẹ̀ ká ara dáadáa mọ́, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó bi mí léèrè pé láti ìgbà wo ló ti ń ṣe wọ́n. Èmi tí mo mọ iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń tẹ ọ̀dà kó tó bàjẹ́, ojú màmá mi ni mo ń wò.

Màmá mi bá mi dáhùn ní Yorùbá láti orí bẹ́ẹ̀dì. “Sọ fún dókítà pé láti ìgbà ààwẹ̀ ni. Sọ fún un pé o try o. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ní ó rẹ̀ mí, o máa ń ní kí n gbé ẹsẹ̀ sókè.”

Wọn ò bú mi. Wọ́n ń gbè mí lẹ́yìn lójú àlejò ni. Mo túmọ̀ ti ààwẹ̀ fún dókítà. Mi ò túmọ̀ ìyókù.