Agbẹjọ́rò Kóòṣì Sùúrù

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà yẹn lọ́sàn-án Sátidé, ẹ má retí pé ẹnikẹ́ni máa dá yín lóhùn lórí ọ̀rọ̀ àga. Àga wà níbẹ̀ lóòótọ́: èyí tó ku ẹsẹ̀ kan, èyí tó ń dúró kí gọ́ọ̀mù gbẹ, àti ọ̀kan tí ẹni tó gbé e wá ti gbàgbé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé, tábìlì iṣẹ́ ti di pápá ìṣeré. Káfíńtà á fọwọ́ gbá eruku pákó kúrò lórí rẹ̀, á to ìṣó mọ́kànlá síbẹ̀ bí kóòṣì ṣe to àwọn agbábọ́ọ̀lù, rédíò á sì máa sọ̀rọ̀ lórí àpótí. Àwọn ìṣó ńlá ló ń dúró lẹ́yìn, àwọn kéékèèké wà láàárín, èyí tó ti tẹ̀ sì ni atamátàsé, torí atamátàsé ẹgbẹ́ wọn ti dàgbà, orúnkún sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Àwọn mẹ́ta ló máa ń yí tábìlì yẹn ká: káfíńtà fúnra rẹ̀, télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, àti dẹ́rẹ́bà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé títì lojú rẹ̀ ṣì máa ń wà tó bá ń sọ̀rọ̀. Nǹkan ò rọgbọ fún ẹgbẹ́ wọn lọ́dún tí à ń wí yìí. Kóòṣì tuntun ti dé, àmọ́ ìgbàkigbà tí wọ́n bá ti nà wọ́n, ohun kan náà ló máa ń sọ fún àwọn oníròyìn, pé kí gbogbo èèyàn ní sùúrù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Kóòṣì Sùúrù. Télọ̀ ní òun gbà pé sùúrù ni baba ìwà, àmọ́ òun ò tíì gbọ́ ọ rí pé òun náà ni baba góòlù.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnu káfíńtà ló mú jù. Ó ní ọkùnrin náà kó gbogbo èèyàn jọ sẹ́yìn bí ẹni tó gbọ́ pé olè ń bọ̀, kò wá sí ẹni tó máa gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú. Èyí tó sì dùn ún wọra ni ti ọmọkùnrin kan tó ń fẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù, tí kóòṣì lọ gbé sápá ọ̀tún. Gbogbo Sátidé ni káfíńtà máa ń mú ìṣó ọmọ náà padà sápá òsì.

"Ṣé ẹni tó ń fọwọ́ òsì lo òòlù la máa wá ní kó fọ̀tún kànṣó?" Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. "Àtàǹpàkò ara ẹ̀ ló máa kàn mọ́ pákó."

Tó bá wá di ààbọ̀ eré, fóònù rẹ̀ á dún. Káfíńtà á nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, á jáde, á lọ dúró lẹ́yìn òkìtì pákó, ọkùnrin kan náà á sì di ẹlòmíràn. Á ní kóòṣì mọ ohun tó ń ṣe. Á ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lèèyàn kọ́kọ́ ń tì kó tó jáde nílé. Á ní ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ òsì yẹn ń bọ̀ wá mọ ọ̀tún lò, kí wọ́n ṣáà ní sùúrù. Télọ̀ tó fẹ́ lọ da omi nù gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ẹnu yà á débi pé ó gbé omi náà padà wọlé. Ó sọ fún dẹ́rẹ́bà pé Kóòṣì Sùúrù ti gba agbẹjọ́rò, ẹ̀yìn òkìtì pákó ni kóòtù wà. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe káfíńtà ní Lọ́yà. Kò bá wọn jà, kò sì ṣàlàyé fún wọn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń pè é. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn, ó ti di nọ́ọ̀sì ní ìlú tó jìnnà. Nígbà tó wà ní kékeré, orí èjìká bàbá rẹ̀ ló ti ń wo bọ́ọ̀lù. Pápá ìṣeré ìgbà náà ò ní òrùlé, pákó gbọọrọ ni wọ́n fi ṣe ìjókòó, káfíńtà sì wà lára àwọn tó kàn án, torí náà ó mọ ibi tí ìṣó ò ti ní gún ọmọ rẹ̀ nídìí. Fèrè kékeré kan wà lọ́rùn ọmọ náà. Bí rẹfirí bá ti fun tirẹ̀, òun náà á fun tirẹ̀, àwọn tó wà níwájú á sì bojú wẹ̀yìn. Tí wọ́n bá ń bọ̀ nílé, ìyá ọmọ á ti máa gbọ́ iyàn wọn láti òpópónà, ta ló yẹ kó gbá, ta ni kò yẹ kó wọlé rárá, kóòṣì yìí ò lójú, kóòṣì yìí ò létí. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà tó máa ń bi wọ́n: "Kóòṣì tẹ́ ẹ̀ ń bú yìí, ṣé ìyá ẹ̀ ò sí níbi tó ti máa gbọ́?" Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wọlé lọ jẹun.

Ayé yẹn dùn. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé nígbà tí ayé bá ń dùn, ẹni tó ń jẹ ẹ́ kì í mọ̀. Káfíńtà mọ̀ dáadáa. Bó ṣe máa tètè tán tó ni kò mọ̀.

Nígbà tí ọmọ dàgbà tó sì lọ, ìyá ló ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Obìnrin náà á jókòó, á nasẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látorí oúnjẹ, wọ́n á ti ibẹ̀ bọ́ sórí aṣọ, sórí aládùúgbò, sórí àlá tó lá lánàá. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní, "Gba, bàbá ẹ rèé." Káfíńtà á gba fóònù bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ jòjòló lé lọ́wọ́. Ṣé dáadáa ni? Dáadáa ni sà. Iṣẹ́ ńkọ́? A dúpẹ́ sà. "Ó dáa, gba màmá ẹ." Ó parí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó fẹ́ràn ọmọ náà ju ojú rẹ̀ méjèèjì lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ni ò sí lẹ́nu rẹ̀ àfi ti bọ́ọ̀lù, kò sì rò pé àgbàlagbà nọ́ọ̀sì ṣì máa fẹ́ gbọ́ ti bọ́ọ̀lù.

Ìyá wá papòdà. Ọmọ ṣì ń pè, àmọ́ kò sí ẹni tí bàbá máa gbé fóònù fún mọ́. Tí wọ́n bá ti ṣe dáadáa ni, tí wọ́n ti ṣe a dúpẹ́, àwọn méjèèjì á kàn máa gbọ́ èémí ara wọn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra, ẹ̀rù sì ń ba káfíńtà pé díẹ̀díẹ̀ báyìí lọmọ òun ṣe máa di àlejò sí òun.

Àfi Sátidé kan tí ọmọ dédé pè ní ààbọ̀ eré, tó ní òun gbọ́ nǹkan tí kóòṣì yín ṣe sí ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ òsì yẹn, pé ṣé ojú ń dùn ún ni. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àmọ́ káfíńtà mọ̀ pé bí òun bá ti lè gbà, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ló bá ní kóòṣì mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ ní irọ́ ni. Bàbá ní òótọ́ ni. Iyàn ọjọ́ yẹn gùn títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ eré padà, àárín rẹ̀ lọmọ sì ti sọ, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń sọ ọ́, pé ẹsẹ̀ ń dun òun torí ìdúró, pé onílé òun ò jẹ́ kóun sinmi. Káfíńtà padà wọlé, inú rẹ̀ dùn, kò tiẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ti gbá góòlù kejì wọlé ẹgbẹ́ wọn. Bó ṣe di agbẹjọ́rò nìyẹn.

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ní àárọ̀ Fúráìdé kan, rédíò kéde pé wọ́n ti lé Kóòṣì Sùúrù. Télọ̀ jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ká. Dẹ́rẹ́bà ra mínírà fún gbogbo wọn. Káfíńtà, tó bú ọkùnrin náà ju ẹnikẹ́ni lọ, kó ìṣó mọ́kànlá padà sínú agolo, ó sì jókòó sórí àga tí wọ́n gbàgbé. Télọ̀ ní, Lọ́yà, ẹjọ́ ti tán o.

"Kí ni mo wá fẹ́ bá ọmọ mi sọ lọ́la?" ni káfíńtà wí.

Ìgbà náà ló tó yé télọ̀. Ó gbé mínírà rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kó máa gbèjà èyí tó ń bọ̀. Káfíńtà ní àwọn ò tíì mọ ẹni tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù dún ní ààbọ̀ eré. Káfíńtà lọ sẹ́yìn òkìtì pákó. Ọmọ ní wọ́n ti lé e, bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ní ó yẹ bẹ́ẹ̀. Bàbá wá ẹjọ́ tó máa rò, kò rí i, ó ní ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ó padà sórí ìkíni àtijọ́. Ṣé dáadáa ni? Dáadáa ni sà. Iṣẹ́ ńkọ́? A dúpẹ́ sà. Ẹnu rẹ̀ mọ ọ̀nà yẹn tipẹ́, ó sì tọ̀ ọ́ lọ láì bi í.

"Ó dáa, gba màmá ẹ."

Ẹ̀yìn tó ti sọ ọ́ tán ló tó gbọ́ ohun tó sọ. Ó fọwọ́ di pákó mú. Lódìkejì, ó gbọ́ tí ọmọ ń sunkún, ojú sì tì í débi pé ó fẹ́ pa fóònù.

"Bàámi, ẹ má pa á."

"Mi ò pa á."

"Tí Màámi bá gba fóònù yẹn lọ́wọ́ yín báyìí, kí ni wọ́n máa sọ?"

Káfíńtà ronú. Ó ní wọ́n máa kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun. Ọmọ ní òun ò tíì jẹun. Bàbá ní yéè, ìjà ti dé nìyẹn, ọmọ sì rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Bàbá ní wọ́n máa bi í léèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, wọ́n á ní kó fi omi gbígbóná sí i, tó bá ní òun ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní omi náà ò gbóná tó. Ọ̀rọ̀ ń yà á lẹ́nu bó ṣe ń jáde. Gbogbo ọdún tó fi jókòó ti obìnrin yẹn, tó ń ṣe bí ẹni tó ń fági, etí rẹ̀ ò sùn.

"Ti kóòṣì tí wọ́n lé ńkọ́?" ni ọmọ wí.

Káfíńtà dáhùn: "Ìyá ẹ máa ní, ṣé ẹnikẹ́ni ti lọ kí ìyá kóòṣì."

Ibẹ̀ ni ariwo ti sọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀ yọrí síta, ó ní, Lọ́yà, góòlù ti wọlé. Ọmọ gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ní, "Bàámi, ta ló gbá a wọlé fún wa?"

Káfíńtà ní òun ò mọ̀, kó jẹ́ káwọn parí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ná.