Ìyá Tí Wọ́n Kọ Sínú Ìwé

Orílẹ̀-èdè tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ ṣiṣẹ́ sí, n kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù wọn. Inú ló ń bí mi, mo sì mọ ara mi: bí mo bá dárúkọ, ẹnu mi kò ní dákẹ́ mọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé òkè òkun ni, pé òtútù wà níbẹ̀, àti pé ẹni tó bá fẹ́ ti Parakou, ìlú wa, wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé sọ irú ẹni tí òun jẹ́.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó sì máa ń sọ fún wa pé ọmọ wọn kì í wá wò wọ́n. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń pe ìyá wa lórí fóònù, lẹ́yìn ìrun, a ó sì rí ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Ó ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ìyá wa ní kó máa jẹun dáadáa, èmi náà sì gbà pé iṣẹ́ ni, títí di ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí lọ́tọ̀. Ó ní àrùn jẹjẹrẹ ni, ó ti dé inú ẹ̀dọ̀, àwọn dókítà kò sì gbà kó wọ ọkọ̀ òfuurufú wálé mọ́. Ó ní bí ìyá rẹ̀ bá lè wá, kó tètè wá.

Mo sọ fún ìyá wa. Kò sunkún lójú mi. Ó wọ yàrá, ó ṣí àpótí, ó sì mú ìwé ìrìnnà tó fi lọ Mẹ́kà jáde.

"Mo ní i," ló wí. "Ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ìgbà wo ni mò ń lọ?"

Èmi tí mo ti ka gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè, n kò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Nígbà tó lọ Mẹ́kà, àwọn tó kó wọn lọ ló ṣe gbogbo ètò. Tirẹ̀ kò ju pé kó wẹ̀, kó wọ aṣọ funfun, kó sì tẹ̀ lé èrò lọ. Ó rò pé ìrìn-àjò ni ìrìn-àjò.

Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò Banikanni tó ń bá èèyàn to ìwé físà. Kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, bẹ́ǹṣì kan fún àwọn tó ń dúró. Ó ka ohun tí wọ́n fẹ́ fún wa bí ẹni ń ka ẹ̀sùn. Wọ́n fẹ́ ìwé báńkì lọ́wọ́ obìnrin tí gbogbo ohun tó ní wà nínú aṣọ tó tò sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà. Wọ́n fẹ́ fọ́tò tí kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀rín ló wà lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ìwé adójútòfò, kó lè dájú pé bí òun náà bá ṣàìsàn lọ́hùn-ún, kì í ṣe àwọn ni yóò tọ́jú rẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ ẹ̀rí pé yóò padà sílé. Ìyá wa bi mí pé ta ló sọ fún wọn pé òun fẹ́ gbé ibẹ̀. Mo ní kó má dá wọn lóhùn, wọn kò tíì bi í.

A ń wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku ìwé ìbí ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí yóò fi hàn pé ìyá rẹ̀ ló ń bọ̀ wá wò ó. Ọkùnrin náà kà á, ó tún un kà, ó wá gbójú sókè.

"Ìyá, ta ni obìnrin tí wọ́n kọ síbí yìí?"

"Ìyàwó mi ni," ni ìyá wa dáhùn, ó sì ń wò ó bí ẹni tí kò ní làákàyè.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ilé wa. Bàbá wa àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ń gbé agbo ilé kan ní àdúgbò Albarika. Ìyá wa jẹ́ aya ẹ̀gbọ́n, nítorí náà òun ni ìyáálé. Aya àbúrò bàbá wa ni ìyàwó rẹ̀, àwa ọmọ sì ń pè é ní ìyá kékeré. Bàbá wa máa ń kó ẹrù lọ sí Niger, kì í sábà sí nílé. Kò sí nílé nígbà tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi, kò sì sẹ́ni tó lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló mọ̀wé. Akọ̀wé ni ní ibùdókọ̀ ojú irin, òun ló ní káàdì ìdánimọ̀, òun ló sì lè bá ìjọba sọ Faransé. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé ìbí wá, ó kó gbogbo ọmọ agbo ilé lọ sí kóòtù lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n bi í pé ọmọ ta nìwọ̀nyí. Ó ní ọmọ òun ni.

Kí ló tún fẹ́ sọ? Nílé wa, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni kéèyàn dúró níwájú àlejò kó máa pín ọmọ pé èyí tèmi, èyí ti ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n bi í ní orúkọ ìyàwó rẹ̀, ó sọ ọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé gbogbo wa. Nígbà tó dé, ìyá wa se oúnjẹ fún un, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà ti lo irú ìwé yẹn láti ilé ẹ̀kọ́ títí tí mo fi lọ́kọ, n kò sì ka orúkọ inú rẹ̀ sí nǹkan kan. Àbúrò bàbá wa ti kú, bàbá wa náà ti kú. Èèyàn kò lè bínú sí òkú, ṣùgbọ́n mo gbìyànjú rẹ̀.

Ọkùnrin Banikanni ní ká wá ìwé àlàyé. Lèmọ́mù àdúgbò kọ tirẹ̀, olórí àdúgbò kọ tirẹ̀, ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì sọ pé àwọn mọ ìyá tó bí ọmọ yìí, pé ojú àwọn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ, pé àwọn jẹ nínú ẹran rẹ̀. Ìwé náà dára. Mo kà á nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí Kútọnu, omi sì bọ́ lójú mi. Ìyá wa ń ka tẹ̀sùbáà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò jẹun títí a fi dé.

Níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé físà, wọ́n gba fóònù wa lẹ́nu ọ̀nà. A jókòó títí wọ́n fi pè wá síwájú gíláàsì kan. Ọmọ ilẹ̀ wa ni obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Faransé ló ń sọ, èmi ni mò ń túmọ̀.

"Kí ni aláìsàn náà jẹ́ sí wọn?"

"Ọmọ mi ni," ni ìyá wa wí.

"Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ìbí rẹ̀."

"Orúkọ ìyàwó mi ló wà níbẹ̀."

Bí mo bá túmọ̀ ìyẹn bó ṣe sọ ọ́, wàhálà mìíràn nìyẹn. Mo ní ìyàwó àbúrò ọkọ wọn ni. Mo na ìwé lèmọ́mù sí i, mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé. Obìnrin náà gbọ́ mi títí mo fi parí. Kò jágbe mọ́ wa, kò ṣàfojúdi, ó kó ìwé náà mọ́ àwọn yòókù. Ì bá dùn mọ́ mi nínú bó bá jẹ́ pé ó ṣe ìkà, ǹ bá rí ẹni bá jà.

Ìyá wa fà mí létí aṣọ. "Sọ fún un pé mo ní àpá. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ yẹn jáde ní inú mi. Bí yàrá kan bá wà, kó jẹ́ ká wọlé, mo lè ṣí aṣọ kó rí i."

N kò túmọ̀ rẹ̀. Ojú tì mí fún gbogbo àwa tó wà níbẹ̀. Mo ní ó ti gbọ́, ká máa lọ.

Èsì dé: wọn kò fún un. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rí tó tó pé aláìsàn náà jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ń fi ohùn ránṣẹ́ pé kò lè dìde jókòó mọ́. Mo sáré tọ agbẹjọ́rò kan lọ ní Parakou. Ó ní kóòtù lè tún ìwé ìbí náà ṣe, ṣùgbọ́n yóò pẹ́. Ó wá bi mí pé ìwé wo ni ẹ̀gbọ́n mi fi gba ìwé ìgbélùú lọ́hùn-ún. Mo ní ìwé ìbí kan náà ni. Ó ní tí ilé ẹjọ́ bá kọ ọ́ pé àwọn òbí inú rẹ̀ kì í ṣe òbí rẹ̀, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ẹni tó jẹ́ gan-an, orí ìwé ìgbélùú yẹn sì ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn.

Mo padà sílé, mo rò ó fún ìyá wa bó ṣe rí. Ìyá kékeré wà níbẹ̀, ó ń ṣa ìrẹsì. Ìyá wa kò ronú pẹ́.

"Ẹ fi ìwé náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni kó lọ."

Ìyá kékeré gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ìyáálé mi, ẹ má ṣe èyí fún mi. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó?"

"Ojú tí o fi tọ́ ọ ni kí o fi wò ó. Dìde. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ dá nìkan wà."

Bẹ́ẹ̀ la tún bẹ̀rẹ̀: fọ́tò, báńkì, adójútòfò, Kútọnu. Obìnrin tí kò tíì kọjá Kútọnu rí, wọ́n gba ìwé rẹ̀ láìbi í ní ìbéèrè kan tó le. Orúkọ bá orúkọ mu. Wọ́n fún un ní físà. Mo wò ó nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, inú mi dùn, mo sì kórìíra inú dídùn náà. Ìyá wa ló di ẹrù rẹ̀. Ó kó òrí sínú ẹrù pé kó máa fi pa ọmọ náà lẹ́sẹ̀, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń gbẹ láti kékeré.

Ìyá kékeré bá a láàyè, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Ní ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n pè wá tí a sì rí ojú rẹ̀, oorun ló ń sùn. Ìyá wa di fóònù náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, kò sọ̀rọ̀, nítorí kò fẹ́ jí i. Ìpè tó tẹ̀ lé e ni ti ikú. Ọ̀hún ni wọ́n sin ín sí, àwọn Mùsùlùmí ìlú náà ló kírun sí i lára. Ní Albarika, àwọn èèyàn wá kí wa, wọ́n ń ṣàdúrà, wọ́n sì ń bá ìyá wa dúpẹ́ pé ó kéré tán, ẹnì kan láti ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Ìyá wa ń ṣe àmín. Èmi kò lè ṣe é, mo bọ́ sí ìta.

Nígbà tí ìyá kékeré padà dé, ó dúró títí àwọn àlejò fi lọ tán. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyáálé rẹ̀, ó sì ń sunkún. Ìyá wa kò béèrè nípa ilé ìwòsàn, kò béèrè nípa ibojì.

"Ǹjẹ́ ó béèrè mi?"

Ìyá kékeré wolẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ó kàn ń na ọwọ́ kiri. "Ó pe 'Ìyá.' Ẹ̀yin ló ń pè, mo mọ̀, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi, ìyá kékeré, ni. Ó tún pè. Mo bá dáhùn, ìyáálé mi. Mo ní, 'Èmi rèé, mo ti dé.' Ẹ forí jì mí."

Mo rò pé ìyá wa máa bínú. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó bínú, kí ẹnì kan nílé yìí lè pariwo. Ó fa ìyàwó rẹ̀ súnmọ́ra.

"Pè mí bó ṣe pè mí."

Ìyá kékeré kọ́kọ́ kọ̀. Ìyá wa ní kó pe òun. Ó pa ojú dé, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ títí tó fi jọ ohùn aláìsàn.

"Ìyá."

"Èmi rèé," ni ìyá wa dáhùn. "Mo ti dé."