Òórùn Tó Wà Lára Aṣọ Ìyàwó

Nígbà tí ọkọ mi ní kí mẹkáníìkì de sílíńdà gáàsì mọ́ búùtù ọkọ̀ wa kó lè máa fi gáàsì rìn dípò epo, inú bí mi gan-an. Epo ti wọ́n, ó sì ṣòroó rí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gáàsì tí mi ò jẹ́ kó wọ ilé ìdáná mi, òun ni màá wá jókòó tì? Igi ni ìyá mi fi dáná, igi náà ni mo fi ń dáná. Mo sọ fún un pé ẹ̀mí mi ò yi tó bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ kiri. Tèmi ni pé ọ̀kadà ni mò ń gùn.

Aṣọ òkè ni mò ń hun ní Ìsẹ́yìn. Obìnrin kan ní Ṣakí gbé iṣẹ́ fún mi, aṣọ tí ọmọ rẹ̀ máa wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Iṣẹ́ náà pẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni epo tán nílùú. Kò sí ọkọ̀ tó ń lọ Ṣakí, àfi ti ọkọ mi.

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Kí ìyàwó wọ aṣọ àlòkù? Mo wọlé sọ́kọ̀. Mo fi ìborùn wé aṣọ náà kí òórùn gáàsì má bàa wọ̀ ọ́, mo gbé e lé itan, mo ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀. Bí a bá ti kó sí kòtò ni mò ń pe Ọlọ́run. Àmọ́ nígbà tí a fi máa kọjá Òtu, oorun ti gbé mi lọ.

Ìyá ìyàwó gba aṣọ, ó tú u wò, inú rẹ̀ dùn. Ló bá gbé e sí imú, ojú rẹ̀ sì yí padà. Mo yíjú sí ọkọ mi, mo fi ojú bá a wí dáadáa.

"Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ yín dára o," obìnrin náà ní, "ṣùgbọ́n kí ló dé tí aṣọ ń rùn èéfín báyìí?"

Èéfín! Ilé ìdáná mi ló kọjú sí òfì tí mo fi ń hunṣọ. Ojú tì mí. Mo bẹ̀ ẹ́, a jọ sá aṣọ náà sí afẹ́fẹ́ títí òórùn fi lọ, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi tayọ̀tayọ̀. Ọkọ mi ń wolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tí à ń bọ̀, mo jókòó tì í níwájú, mo ti fèrèsé. Bí a ṣe wọ Ìsẹ́yìn, mo yíjú sí i.

"Bàbá Ìbejì, ibi tí ẹ ti ń ra gáàsì yẹn, ṣé wọ́n ń ta sítóófù níbẹ̀?"

Ó kàn yí ọkọ̀ padà, ó gba ọ̀nà ibẹ̀.