Tíṣà Tí Kì Í Jẹun Lójú Títì

Bí ẹ bá dé Àgbòwó tí ẹ béèrè ilé Bàdírátù Àdìó, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má mọ ẹni tí ẹ ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ ní Tíṣà tí kì í jẹun lójú títì, kíá ni wọn yóò nàka sí géètì aláwọ̀ ewé kan fún yín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàdírátù fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ó kọ́ wọn ní ìṣirò, ó kọ́ wọn ní ìwé kíkà, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti gbàgbé méjèèjì. Èyí tí kò sẹ́ni tó gbàgbé ni òfin rẹ̀ yìí: ọmọlúàbí kì í jẹun lójú títì.

Kì í ṣe òun ló dá òfin náà sílẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ló tọ́ ọ dàgbà, màmá náà sì ti yí òwe àwọn àgbà padà sí bó ṣe wù ú. Wọ́n á ní ìjàkùmọ̀ kì í rin ọ̀sán, ẹni a bí ire kì í jẹ̀kọ lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá fún Bàdírátù kékeré ní àkàrà lóde, yóò di àkàrà náà mú dé ilé ni, yóò jókòó sórí ẹní, yóò ṣe bísímílà kó tó fi í kan ẹnu. Àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Wọ́n pẹ̀ka tirẹ̀, ẹ̀ka náà sì gbà.

Àfi bí Ọlọ́run ṣe wá fi Àdìó ṣe ọkọ rẹ̀. Àdìó ń tún fìríìjì ṣe ní Mọ́kọ́lá, kò sì sí ojú iná kan ní ìgboro Ìbàdàn tí ẹnu rẹ̀ kò mọ̀. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń din àkàrà tí kì í fa epo ní Ṣàngó. Ó mọ máláàmù tó mọ súyà í sun ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní Sábó, ó mọ wákàtí tí àgbàdo tútù máa ń dé láti oko Mọ́níyà. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹ bá a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí fìríìjì tí kò tutù mọ́, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi já sí orí dùndú.

Nígbà tí Bàdírátù ń ṣiṣẹ́, Sátidé rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ìwé àwọn ọmọ ni yóò máa máàkì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọdún tó fẹ̀yìn tì náà ni Nimotallahi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, lọ sílé ọkọ ní Ìlọrin, ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ní Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun alásárì, Àdìó yọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́.

“Àjíkẹ́, ṣé ká lọ?”

Oríkì Bàdírátù nìyẹn. Ó ní lọ síbo. Àdìó ní òun kò tíì mọ̀, pé kó ṣáà wọ bàtà. Báyìí ni ọ̀rọ̀ òde lílọ tọkọtaya yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, kò sì sí Sátidé kan tó yẹ̀ fún bí ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó dùn mọ́ Bàdírátù ju bó ṣe ń jẹ́wọ́ lọ. Wọ́n lọ sí Mọ́níyà lọ wo bí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ṣe ń wọlé, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń júwọ́ sí àwọn èrò tí wọn kò mọ̀ rí. Wọ́n lọ sí ilé ìtajà ńlá kan ní Ring Road, wọn kò ra nǹkan kan, wọ́n gun àtẹ̀gùn tó ń fúnra rẹ̀ rìn lẹ́ẹ̀mẹta, Bàdírátù sì di ọkọ rẹ̀ lápá mú gírígírí bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Nítorí pé Máíkírà ni mọ́tò wọn, tó sì jẹ́ pé òun náà ni takisí Ìbàdàn, àwọn èèyàn máa ń nawọ́ dá wọn dúró. Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan tó gbé iṣu dání nawọ́ ní Dùgbẹ̀, ó ní Challenge lòun ń lọ. Àdìó ní kí wọ́n wọlé. Ìyá náà ń ṣàdúrà fún dẹ́rẹ́bà àti ìyàwó rẹ̀ títí wọ́n fi dé Challenge, Bàdírátù sì fi gèlè bojú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Oúnjẹ ni ìjà wọn. Gbogbo ohun tí Àdìó bá rà lójú ọ̀nà, Bàdírátù á ní kí wọ́n dì í, pé ilé ni àwọn yóò ti jẹ ẹ́. Súyà á tutù. Àkàrà á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Èyí tó sì ń dun Àdìó jù lọ ni bọ̀ọ̀lì, nítorí pé nínú gbogbo nǹkan tí Ọlọ́run dá sórí iná, bọ̀ọ̀lì ló fẹ́ràn jù. Kí wọ́n tó ti Bódìjà dé Àgbòwó nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rọ̀ tó sì ń ta sánsán níwájú alátẹ ti le nínú ọ̀rá dúdú. Bàdírátù á gbé e sínú páànù, á mú un gbóná, á gbé e síwájú ọkọ lórí àwo tó ní òdòdó létí. Àdìó á jẹ ẹ́ bí ẹni ń mu àgbo ibà.

“Kì í ṣe pé ebi ń pa mí,” ló sọ fún un lọ́jọ́ kan. “Mo fẹ́ kí èmi àti ìwọ jọ jẹ ẹ́ níbi tó ti ń gbóná ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

Bàdírátù ní ẹ̀ẹ̀kan péré yẹn ni gbogbo ọmọ tí òun ti kọ́ máa rí òun.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí di Sátidé kan tí wọ́n dúró lọ́dọ̀ obìnrin oníbọ̀ọ̀lì kan lẹ́bàá ọ̀nà Bódìjà. Obìnrin náà dé fìlà, ó fi ìbòmú bo ẹnu àti imú nítorí èéfín. Bàdírátù jókòó sínú mọ́tò. Àdìó gba bọ̀ọ̀lì, ó bù ú sí méjì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìlàjì kan títí tó fi ṣeé mú dání, ó sì nà án sí ìyàwó rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rín. Àkókò yẹn gan-an ni àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì kan ń kọjá, tí wọ́n kúnlẹ̀ pé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ìtìjú bo Bàdírátù. Ó ti ọwọ́ ọkọ rẹ̀ padà.

“Ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà lójú aráyé, Bàbá Nimọ̀.”

Bọ̀ọ̀lì já bọ́ sínú iyanrìn. Àdìó wò ó nílẹ̀. Kò bínú, ó wọ mọ́tò, ó sì wà á délé.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàdírátù kírun alásárì, ó wọ aṣọ, ó jókòó sí pálọ̀, ó ń retí kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àdìó mú kọ́kọ́rọ́ lóòótọ́. Ó ní òun fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan ní Mọ́kọ́lá, òun kò ní pẹ́. Ohùn rẹ̀ tutù, kò sí ìjà níbẹ̀ rárá, èyí gan-an ló sì dẹ́rù ba Bàdírátù. Nígbà tó padà dé, èéfín èédú ń rùn lára aṣọ rẹ̀, èèpo ẹ̀pà kan sì lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Ọ̀rẹ́ wo ló ń fi ẹ̀pà síni ní irùngbọ̀n?

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ayé yìí pa èèyàn lẹ́rìn-ín: àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá obìnrin jowú, òun ń bá bọ̀ọ̀lì jowú. Ṣùgbọ́n kò rí i bí eré. Ó jókòó nínú ilé tó dákẹ́, ó ń gbọ́ bí aago ṣe ń dún, ó sì mọ ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Ẹni tó bá ti mọ òde í lọ fúnra rẹ̀, kò ní pẹ́ tí kò fi ní rántí pé ẹnì kan ń bá òun lọ tẹ́lẹ̀. Ó wù ú kó tún gbọ́ “ṣé ká lọ?” yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní Sátidé kẹta, bí ìró Máíkírà ṣe jìnnà tán, ó gbé báàgì, ó wọ kẹ̀kẹ́ Marúwá, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí Bódìjà. Ó ń bojú wẹ̀yìn bí ọmọ tó fẹ́ sá níléèwé, òun tó ti na àìmọye irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ó rí i láti ọ̀ọ́kán. Àdìó nìkan ló jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ alátẹ, lábẹ́ agboòrùn ńlá, bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà wà lórí ìwé ìròyìn ní itan rẹ̀. Bẹ́ńṣì náà gba èèyàn méjì, ṣùgbọ́n Àdìó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi í lé ààyè kejì. Ọkùnrin kan fẹ́ jókòó síbẹ̀, Àdìó sì ní kó má bínú, pé ẹnì kan ló ni ín.

Bàdírátù bọ́ síwájú rẹ̀. Àdìó gbójú sókè, ó wò ó. Kò béèrè ohun tó gbé e wá. Ó kàn mú fìlà náà kúrò, ó sì dé e.

Bí Bàdírátù ṣe ń jókòó ni obìnrin oníbọ̀ọ̀lì fa ìbòmú rẹ̀ sísàlẹ̀, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ná lọ́wọ́. Ó ní òun ti dá Tíṣà mọ̀ láti ọjọ́ tí bọ̀ọ̀lì bọ́ sílẹ̀, ojú ló ń ti òun láti kí wọn. Òun ni Ọmọ́fẹ́, ọmọ àwọn ará Ọ̀wọ̀ tó ń gbé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí nígbà náà, kíláàsì kẹrin ni wọ́n ti kọ́ òun. Ó ní ṣé wọ́n rántí ọjọ́ tí wọ́n ká bọ̀ọ̀lì mọ́ òun lọ́wọ́ lójú ọ̀nà iléèwé, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn, tí wọ́n ní kí òun na bọ̀ọ̀lì náà sókè lójú gbogbo iléèwé títí aago oúnjẹ fi lù.

Bàdírátù rántí. Kò dà bí ohun ńlá lójú rẹ̀ nígbà náà. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ púpọ̀.

“Mi ò béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ,” ló wí.

Ọmọ́fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí ìdí kan bàbàrà, mà. Ìyá òun ló ń sun bọ̀ọ̀lì nígbà yẹn, kì í sí àyè oúnjẹ àárọ̀ nílé, ibi iná ni ìyá òun ti máa ń fún òun ní tòun bí òun bá ń lọ síléèwé. Òun ì bá ti jókòó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n aago ń lù, wọ́n sì ń na ẹni tó bá pẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bàdírátù ní akínyẹmí ara. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ Ọmọ́fẹ́ tó kún fún eérú mú, ó ní, “Má bínú, ọmọ mi.” Ọmọ́fẹ́ ní áà, kí ni wọ́n ń wí, ta ló ń bínú, òfin yẹn ni òun náà fi ń tọ́ ọmọ òun. Ó yáa lọ ṣa èyí tó pọ́n jù lórí wáyà, ó bù ú sí méjì, ó fi ẹ̀pà sí i.

Ó wá rí i pé àwọn èrò ọjà ti ń jáde wìtìwìtì, kẹ̀kẹ́ ń kọjá lọ́tùn-ún lósì. Ó fa agboòrùn ńlá náà sísàlẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ etí ọ̀nà, títí tó fi bo tọkọtaya náà láti orí dé àyà.

“Ẹ máa jẹun yín, mà. Ẹnikẹ́ni ò ní rí yín.”

Bọ̀ọ̀lì ń jó Bàdírátù lọ́wọ́, ó ń jù ú láti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí ti òsì. Ó wo Àdìó. Ọkùnrin náà ń wo ilẹ̀, ó rọra ń jẹ tirẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ̀rọ̀, ẹyẹ tó bà lé e léjìká á fò lọ.

“Ọmọ́fẹ́,” ni Bàdírátù wí, “gbé agboòrùn yẹn sókè. Ọkọ mi ni mo bá jáde. Jẹ́ kí wọ́n rí mi.”

Ọmọ́fẹ́ gbé e sókè. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ kún ojú wọn. Bàdírátù ṣe bísímílà, ó gé bọ̀ọ̀lì jẹ, ó jó o lẹ́nu, omi lé ròrò sí i lójú, ó sì dùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà rọ̀ nínú, ó le fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ léèpo, iyọ̀ inú ẹ̀pà ń bá adùn rẹ̀ jà lórí ahọ́n. Ṣé ohun tí òun ti ń mú gbóná nínú páànù láti ọjọ́ yìí nìyí?

Kẹ̀kẹ́ kan dẹ̀rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan yọ orí jáde, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ní, “Tíṣà! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà!” Ẹnu Bàdírátù kún, òfin rẹ̀ mìíràn sì ni pé ẹni tó ń jẹun kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn na ọwọ́ sókè láti fi kí i, bọ̀ọ̀lì tó kù sì wà lókè orí rẹ̀ lójú gbogbo Bódìjà.

Ọmọ́fẹ́ rí i, ó bú sẹ́rìn-ín títí abẹ̀bẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàdírátù náà wá rí i. Kò gbé ọwọ́ náà sílẹ̀ títí kẹ̀kẹ́ fi lọ.

Àdìó fi àtẹ́lẹwọ́ nu èèpo ẹ̀pà kúrò létí ẹnu ìyàwó rẹ̀. Ó ní, “Àjíkẹ́, ṣé ká lọ?”

Bàdírátù ní kò tíì yá, kí Ọmọ́fẹ́ kọ́kọ́ bu òmíràn sí méjì fún àwọn.