Ọmọ Tó Ń Dàgbà Lára Ògiri

Òórùn àbẹ́là àti ti kóòtù onírun tí snow ti rin ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Jámánì kan ní àdúgbò Beltline, níbi tí mo ti ń gbálẹ̀ nígbà tí ọkọ mi ń kàwé ẹnjiníà ní Calgary, ní Kánádà, láàárín àwọn ọdún 1980. Kí o tó bi mí, ọ̀rẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni, èmi olùkọ́ yìí náà ni mo ń gbálẹ̀. Iṣẹ́ ti wọ́n nílùú nígbà yẹn, basement, yàrá abẹ́ ilé, tí a sì ń gbé ní àdúgbò Falconridge kò ṣeé jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Inú ibẹ̀ ni ọmọbìnrin wa kú sí, kò tíì mọ̀ ọ́n jókòó dáadáa.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n kan nínú fellowship wa ló bá wa gbé e lọ sin. Èmi ò lọ, bàbá rẹ̀ ò lọ, torí òbí kì í rí sàréè ọmọ. Àwọn èèyàn wá kí wa: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Wọ́n ṣeun, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ yẹn mọ́. Àwọn tó ti ń fi orúkọ rẹ̀ pè mí ní ìyá lágbájá dá mi padà sí "ìyàwó wa". Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ohun kan ṣoṣo tí mo ń wá láyé ni kí wọ́n sọ ibi tí ọmọ mi wà fún mi. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n yẹn títí ẹnu mi fi gbẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà nawọ́ sí apá ibẹ̀ fún mi."

"Ìyàwó wa, má bi mí ní ìyẹn mọ́."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, àtẹ̀gùn kan wà tó lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti ń mu kọfí. Fọ́tò ló kún ara ògiri rẹ̀, gbogbo wọn nínú fírémù: fọ́tò iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán Jámánì kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́, tó jẹ́ pé ó ń ti ìlú bọ́ sí ìlú, tó ń gun àkàbà, tó ń ya àwọn àpọ́sítélì àti áńgẹ́lì sí ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Mò ń nu eruku wọn lọ́jọ́ kan ni mo ṣàkíyèsí pé áńgẹ́lì kan wà nínú gbogbo wọn, ojú kan náà, àpá kékeré kan náà lókè ìpéǹpéjú òsì. Nínú fọ́tò tòkè pátápátá, ọmọ ọwọ́ ni. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó ti dìde dúró. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ló ń ga, títí ó fi di ọ̀dọ́bìnrin tó di irun rẹ̀ sẹ́yìn. Orí mi wú. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa máa rò ni èmi náà rò: yéè, àbíkú!

Mo sáré lọ bá ìyá arúgbó tó máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Mo ní, "Mà, ẹ̀ẹ̀melòó ni ọmọ yìí kú?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí. "Ẹ̀ẹ̀kan."

Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi. Ọmọ ayàwòrán náà ni. Òkè àkàbà ló wà nílùú tó jìnnà nígbà tí àìsàn kọlu ọmọ. Kó tó délé, wọ́n ti sin ín. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní gbogbo ìjọ tó bá pè é, ó máa ń yà á sáàárín àwọn áńgẹ́lì, ní ọjọ́ orí tó yẹ kó ti tó. Àwọn àgbà ìjọ kan bínú sí i, wọ́n ní áńgẹ́lì kì í dàgbà. Ó dá wọn lóhùn pé, "Tèmi ń dàgbà."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sun ẹkún tí wọn ò jẹ́ kí n sun nílé. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn yẹn wá di ẹ̀rù fún mi. Tí mo bá ń gùn ún, ọmọ náà á máa kéré sí i. Mi ò lè wo èyí tó wà lókè. Ó sì tẹ̀ lé mi délé. Lọ́sàn-án, nígbà tí atẹ́gùn gbígbóná tí wọ́n ń pè ní Chinook bá ń fẹ́, tí snow ń yọ́ lójú fèrèsé, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo gbàdúrà, mo bú Sàtánì, mo kọrin. Kò lọ. Ká má parọ́, nígbà tó yá, mi ò fẹ́ kó lọ mọ́. Mi ò sọ fẹ́nì kankan, wọ́n á ní mo ti ya wèrè.

Níjọ́ kan tí a ń jẹun, ó sú mi, mo pe orúkọ ọmọ wa. Ọkọ mi dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. Mo ti múra ìjà sílẹ̀.

"Bàtà rẹ̀ á ti há báyìí," ó ní. "Mo máa ń gbọ́ ọ tó ń rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì."

Látọjọ́ náà ni mi ò ti bi ẹ̀gbọ́n yẹn ní ìbéèrè mọ́, ó sì ti kú, kò sọ. Mo rò pé ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí ni mò ń wá. Àṣé ẹni tí a jọ máa tọ́ ọ ni. A sì tọ́ ọ. A bí àwọn mìíràn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n èmi àti bàbá wọn nìkan la mọ ìgbà tó yẹ kí àkọ́bí wa bẹ̀rẹ̀ iléèwé, ìgbà tó yẹ kó lọ́kọ. Ọkọ mi ti ṣaláìsí báyìí. Ó yẹ kí ewú ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí ọmọ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo. Òun kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé èmi nìkan ló kù tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀.