Bí Màmá Eléènì Ṣe Ná Abẹ́rẹ́ Ọ̀fẹ́

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Màmá Eléènì ní ilé ìwòsàn aboyún, ọjọ́ tó ná abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló tilẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ jù.

Ó ti rẹ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Láti òwúrọ̀ kùtù ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún aboyún kan tẹ̀lé òmíràn, tí ohùn rẹ̀ fi ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bàtà di ẹ̀wọ̀n. Ibi tó ti ń wo aago ni màmá arúgbó kan ti wọlé, tó di ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú bí ẹni mú olè.

Nọ́ọ̀sì mọ ìyàwó náà dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún aboyún nítorí àìsàn èémí tó ń bá ọmọ tuntun jà. Nọ́ọ̀sì sì mọ àkọ́bí rẹ̀: ọmọ oṣù méjì tí àìsàn yẹn ká mọ́lẹ̀, tí ìhà rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí, tí wọ́n fi rọ́bà atẹ́gùn sí i nímú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Orí ló kó o yọ. Oyún kejì yìí ti wọ oṣù kẹjọ. Ara ìyá a sì máa gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó rí ààbò pèsè fún ọmọ. Bí wọ́n bá tún padà sílé lọ́jọ́ náà, ó lè pẹ́ jù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni màmá wí. "Èló ni abẹ́rẹ́ yín?"

"Ọ̀fẹ́ ni, mà."

Màmá fajú ro. "Ó ti wọ́n jù. Ẹ gé e wálẹ̀ díẹ̀."

"Màmá, ọ̀fẹ́ ni mo wí. Ẹ ò ní san nǹkan kan."

"Mo gbọ́. Ó dáa, nítorí ojú yín, màá gbà á ní ọ̀fẹ́. Èènì rẹ̀ dà?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Aboyún kan rín in títí tí wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, kó má baà bímọ síbẹ̀.

Ẹni tó mọ Màmá Eléènì, ẹnu ò ní yà á. Obìnrin tó lọ yọ eyín kan, tó ní kí dókítà fi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe èènì! "Màmá, kò sóhun tó ṣe eyín yìí." "Èmi náà mọ̀. Ẹ sáà yọ ọ́ mọ́ ọn." Wọ́n ní dókítà ló kọ́kọ́ ké, kì í ṣe òun. Títí tó fi kú, bó bá rẹ́rìn-ín, á nawọ́ sí àlàfo ẹnu rẹ̀: "Èyí ni mo rà. Èyí ni wọ́n fi tọrẹ."

Agbára àtijà kò sí lára nọ́ọ̀sì mọ́. Ó fẹ́ ní kí wọ́n máa lọ, àfi bí ọ̀rọ̀ èènì tí arúgbó náà sọ ṣe kọ́ ọ létí. Ó bá jókòó.

"Èènì wà níbẹ̀, màmá. Èènì gidi."

Ìyàwó, tí kò tíì sọ̀rọ̀, gbójú sókè. "Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ jọ̀ọ́. Bó bá ṣe ọmọ mi ní nǹkan ńkọ́?"

"Àbúrò mi, ẹ̀rù yẹn ò burú. Apá lè dùn ọ́, ara lè gbóná díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́: ara rẹ ló máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá àìsàn yẹn jà, ẹ̀jẹ̀ rẹ á wá gbé ìjà náà fún ọmọ kó tó wáyé. N ò sọ pé ikọ́ ò ní kàn án láéláé o. Àmọ́ èyí tó ń gbé ọmọ dé ìdí rọ́bà atẹ́gùn, ó ń dín in kù gan-an. Ìwọ la gún. Ọmọ ni èènì."

Màmá wá yíjú sí ìyàwó. "Ìyàwó mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń nájà láyé, n ò rí ibi tí èènì ti ju ọjà lọ rí. Na apá."

Ìyàwó na apá.

Obìnrin ló bí. Èènì ni ìyá àgbà ń pè é. Nígbà tí ikọ́ jà wọ àdúgbò, ó kan Èènì náà: ó wúkọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì ń mu ọmú bíi pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà jókòó tì í, ojú kò kúrò lára ìhà rẹ̀. Ìhà náà kò wọlé.

Wàhálà nọ́ọ̀sì bá bẹ̀rẹ̀. Kò sí aboyún tí Màmá Eléènì rí lójú ọ̀nà tí kò ní fà wá. Lọ́jọ́ kan, ìyá aránṣọ ló wọ́ dé, tòun ti tépù lọ́rùn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọn ò bá nǹkan kan nínú rẹ̀. "Mo ti ń wí fún wọn láti ilé," ni aránṣọ fi ẹkún sọ, "pé oúnjẹ ni!"

Bí arúgbó ṣe ń lọ náà ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì lọ wò ó. Màmá ní, "Mo ti ń bá Ọlọ́run ná an. Ọjọ́ méje péré ni mo ní kó fi kún un, kí n rí ìgbà tí Èènì máa fi ẹsẹ̀ rìn." Ní ọjọ́ karùn-ún, Èènì rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ibùsùn. Ọjọ́ kẹjọ ni Màmá kú. Ó gba èènì lọ́wọ́ Ọlọ́run pàápàá.

Bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn dákẹ́ nísinsìnyí. Lọ́jọ́ kan láìpẹ́ yìí, nọ́ọ̀sì ti ti fíríìjì abẹ́rẹ́, ó ti bọ́ bàtà, ó ń fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀, nígbà tí aboyún kan mí hẹlẹ-hẹlẹ wọlé. "Ẹ máà bínú, mà, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n tètè dé. Ṣé ẹ ti parí?"

Nọ́ọ̀sì wo aago. Ó wo ikùn obìnrin náà. "Ẹ padà wá lọ́la" ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ padà sínú bàtà, ó sì wá kọ́kọ́rọ́.

"A ti parí iṣẹ́ tòní," ló wí. "Jókòó. Ìwọ, èènì ni ẹ́."