Ọ̀rá Ìyàwó Wa

Mo rántí ìgbà tí mo bí àkọ́bí mi ní Àkúrẹ́, tí ìyá ọkọ mi wá láti Oǹdó wá bá mi wẹ ọmọ. Kí wọ́n tó dé, mo sanra dáadáa. Kò pé oṣù kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi wọlé, tí òrùka ìgbéyàwó ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ kì í jẹ́ kí n sùn, ọmú ló sì ń mu tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò lọ síbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ni mo ń ṣọ́. Kí ló dé tí wọn kì í jẹ́ kí n da ilẹ̀ nù fúnra mi? Kí ni wọ́n ń kó pamọ́ sínú àpò ìrẹsì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, tó jẹ́ pé bí mo bá ti wọlé, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń sá aṣọ ọmọ lẹ́bàá fèrèsé wọn nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Ọ̀rá ìyàwó wa ni mo ń kó jọ. Kò tíì fura. Ó ku díẹ̀ kó pé."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ara mi ń joro, ẹnìkan sì ń kó ọ̀rá mi jọ. Ẹ̀rí wo ni mo tún ń wá?

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ Yorùbá ni mí. Èmi yìí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì pé ọ̀rá wà lára ẹran, ọ̀rá náà la sì fi ń di búrẹ́dì. Mo tilẹ̀ máa ń sọ fún wọn pé, lójú tèmi, torí pé ó ń dán, tó sì ń yọ́ nínú iná bí ọ̀rá ẹran ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n etí tí ìbẹ̀rù bá ti wọ̀, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbọ́.

Mo sunkún sí ọkọ mi lọ́rùn títí tó fi gbà láti dá ìyá rẹ̀ padà sílé. Mo ní kó sọ pé ilé ló há. Bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀, tàwọn ti àpò ìrẹsì, wọ́n ní, "Ìyá Ìkókó, máa jẹun o. O ti rù jù." Inú mi ń sọ pé, ta ló mú mi rù?

Nígbà tí òjò dé, wọ́n ránṣẹ́ pè wá sí Oǹdó. Ẹ̀yìnkùlé wọn kún fún ọ̀gbìn kòkó, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá píọ̀wọ́tà. Gbogbo omi tí wọ́n fi dandan mú mi mu kí ọmú lè yọ, ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n ń ṣà.

"Ti ọmọ yín ni," ni wọ́n wí. "N kò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kó tó hù ni."

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹ́wọ́.

Kòkó náà ti ń so báyìí. Lọ́dún tó kọjá, níbi tí a ti ń ká a, wọ́n bi mí jẹ́jẹ́ pé kí ni àwọn ṣe nígbà yẹn tí mo fi ní kí wọ́n máa lọ sílé. Mo ní, "Ilé ló há, Màámi." Wọ́n wò mí títí, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ká kòkó wọn lọ. Ó jọ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fura.